Fà Á Lẹ́ẹ̀mejì

Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni Gbọ́ládé wọ omi. Ó dá mi lójú, torí èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé, èmi náà ni mo sì di okùn rẹ̀ mú.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n gbà mí fún ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa lẹ́yìn Sango. Okùn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ibà ti dá Ìsmáílà, ẹni tó máa ń dì í mú, dùbúlẹ̀ ní Ìjọkó, bẹ́ẹ̀ ewé àti ọ̀rá ti dí ẹnu páìpù tí a fi ń fa omi láti inú odò. Òmùwẹ̀ kan ṣoṣo la ní tó lè lọ sísàlẹ̀ lọ kó wọn kúrò. Òun náà, Gbọ́ládé, ló sì yọjú sí ọ́fíìsì mi láàárọ̀ Sátidé yẹn, tó ní, "Fadékẹ́, wá bá mi di ẹ̀mí mi mú."

Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa bá láàárọ̀ tí kò ní fi bírò sílẹ̀?

Lórí pèpéle sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ ló ti kọ́ mi. Ó ti wọ aṣọ rọ́bà dúdú rẹ̀, sìlíńdà afẹ́fẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn ti wà ní ìbàdí rẹ̀.

"Tó o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, o ń béèrè àlàáfíà mi nìyẹn. Èmi náà á fa ẹyọ kan dá ọ lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì: dúró síbi tó o wà, má gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta: máa bọ̀. Tí èmi bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń bọ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ńkọ́?"

Ó wò mí, ẹ̀rín ń bọ̀ ní igun ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni pé o fẹ́ràn mi."

"Lọ sínú omi jàre."

Ó lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé e. Mo ń wo aago, mo ń wo ibi tí èémí rẹ̀ ti ń jáde, tí omi ń hó gùdù-gùdù.

Àsíá rẹ̀ ni mi ò lè rí láti ibi tí mo wà. Ní kọ́rọ̀ odò lókè ló gbé e sí, níbi tí oparun ti bo ojú wa: aṣọ pupa tí ìlà funfun là kọjá láti igun dé igun, lórí igi kan tó gùn, tó dúró lórí kẹ́ẹ̀gì méjì tí a so pọ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ rí i kó tó yà sọ́dọ̀ wa, kó mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀, kó dín eré kù, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì odò kọjá.

Láyé àtijọ́, ta ló ń wa ọkọ̀ gba ibẹ̀? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí yunifásítì ti dé Ọ̀tà, tí àwọn ìjọ ń ra ilẹ̀ bí ẹni ra ẹ̀kọ, odò wa náà ti di títì. Ìjọ kan ra ilẹ̀ lápá Ìtẹ̀lé, wọ́n sì háyà Bọ̀dá Nùrẹ́nì pé kó máa fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ síbẹ̀. "Àwọn ni wọ́n ń ṣe ìrìbọmi," ló máa ń wí, "èmi Mùsùlùmí ni aṣọ mi ń tutù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Gbọ́ládé gbé àsíá náà lọ hàn án.

"Ṣé kí n máa kí aṣọ ni, Gbọ́ládé?"

"Ẹ má kí i, bọ̀dá. Ẹ ṣáà yà fún un. Èmi ni mo wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń yà fún un.

Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré kan yọ lábẹ́ oparun. Sìstá Àpọ́nlé ni, aránṣọ ní Sango, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ náà. Ó máa ń ṣáájú ọkọ̀ ńlá láti lọ tún ibi ìrìbọmi ṣe. Ó gúnlẹ̀ sídìí pèpéle wa.

"Ẹ yin Olúwa, sìstá Fadékẹ́!"

"Halelúyà. Ẹ káàárọ̀ ma." Mi ò gbé ojú kúrò lára okùn.

"Ẹ bá wa yọ̀ o. Odò yín ti di mímọ́ láàárọ̀ yìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ma?"

"Ẹlẹ́bọ ló gbé ẹbọ sí wa lọ́nà! Aṣọ pupa lórí igi, láàárín odò, wọ́n tún wá fi ẹfun fa ìlà là á kọjá. Níbi tí ọmọ Ọlọ́run máa gbà! Mo da òróró sí i, mo pàṣẹ fún un, mo sì fà á tu." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e sókè láti inú ọkọ̀ kí n lè rí i. "Ó di inú iná tá a bá dé òkè."

Àsíá Gbọ́ládé ni. Òróró ń kán lára rẹ̀.

Mo nawọ́ sí ibi tí omi ti ń hó. "Sìstá, kì í ṣe ẹbọ. Èèyàn wà nísàlẹ̀ omi yìí. Aṣọ yẹn ló ń sọ fún ọkọ̀ pé kó má gba orí rẹ̀ kọjá."

"Èèyàn bí ti báwo? Nísàlẹ̀ ibo?"

Kí n tó dá a lóhùn, okùn fà mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ó ń bọ̀.

Àfi bíi pé ẹ́ńjìnnì ń dúró de ìyẹn. Lẹ́yìn oparun, mo gbọ́ ọ tó ń ké bọ̀, pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́. Bọ̀dá Nùrẹ́nì kò ní rí nǹkan kan ní kọ́rọ̀. Á gbà pé a ò ṣiṣẹ́ lónìí. Ibi tí omi ti jìn tó kí ọkọ̀ ńlá fi sáré gbà kò sì ju ọ̀kan lọ, níbi tí omi ti ń hó yẹn gan-an.

Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò dáhùn. Okùn ṣì ń rọ̀ lọ́wọ́ mi, Gbọ́ládé ṣì ń gòkè. Mo fi gbogbo agbára mi fà á: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Gbọ́ládé, jọ̀ọ́. Dúró.

Okùn náà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó fa ẹyọ kan padà.

Ó ti gbọ́. Àmọ́ mo wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù fún un, bóyá ni.

"Sìstá, ẹ tètè gbé àsíá yẹn padà! Ẹ wa ọkọ̀ lọ pàdé wọn!"

Ó gòkè wá sórí pèpéle, ó sì jókòó bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá wó. "Mo ti pààyàn," ló ń wí. "Jésù, mo ti pààyàn."

Mo ki okùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ò tíì pààyàn. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tún fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má dákẹ́!"

Mi ò mọ odò wẹ̀. Ọ̀ṣogbo ni wọ́n ti tọ́ mi, ẹ̀rù omi ìwẹ̀ pàápàá máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo bá ara mi nínú ọkọ̀ yẹn, mo ń wà á bí ẹni ń ro ọkà, ó ń yí ká, ó ń lọ, títí mo fi kọjá ibi tí omi ti ń hó. Ibẹ̀ ni mo ti dìde dúró. Mo gbé àsíá sókè.

Ọkọ̀ yọ.

Obìnrin àti ọkùnrin tó wọ funfun ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń kọrin. Bọ̀dá Nùrẹ́nì yíjú sẹ́yìn, ó ń bá ẹnì kan ṣàwàdà.

"Bọ̀dá Nùrẹ́nì! Bọ̀dá Nùrẹ́nì o! Èèyàn wà nísàlẹ̀!"

Orin bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi. Mo ju àsíá síhìn-ín, mo jù ú sọ́hùn-ún, òróró ń ta sí mi lójú. Ìmú ọkọ̀ náà ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i.

Ìgbà náà ló yíjú padà. Mo rí i tó rí aṣọ náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì darí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Orin já ní agbede. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ẹṣin, kò ní ìjánu. Ó ń yọ̀ bọ̀. Ó gbá ọkọ̀ mi, mo ṣubú lórí eékún, ó sì kọjá sórí ibi tí omi ti ń hó.

Omi kò hó mọ́.

"Sìstá!" Àpọ́nlé ń ké létí odò. "Sìstá, okùn ti já! Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́!"

Mo ń kà á. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Mo dé ogún. Gbogbo ohun tí mo lè rò ni ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn, pé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé mo ní kó lọ sínú omi.

Lẹ́bàá ògiri ilé ẹ̀rọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò, ọwọ́ dúdú kan yọ, ó di irin tó yọ lára ògiri mú.

Nígbà tí gbogbo wa dé pèpéle, tí a fà á sókè tán, ó ń wú ikọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná. Bọ̀dá Nùrẹ́nì fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí. "Gbọ́ládé, wàláì, mo wo kọ́rọ̀! Mo wò ó, mi ò rí aṣọ!"

"Èmi ni," ni Àpọ́nlé wí. Ó ti kúnlẹ̀. "Ẹbọ ni mo pè é."

Gbọ́ládé mí kanlẹ̀. "Sìstá, ó kù díẹ̀ kó di ẹbọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àpọ́nlé dìde, ó gba àsíá lọ́wọ́ mi, ó nà án sójú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n lọ sọ fún ará ilé wọn. Lẹ́yìn náà ló wọnú ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ gbé e padà sí kọ́rọ̀ fúnra rẹ̀. Bọ̀dá Nùrẹ́nì kò tan ẹ́ńjìnnì. Igi ló fi ti ọkọ̀ lọ.

Ó wá ku àwa méjì.

"Afẹ́fẹ́ rẹ ti ń tán," mo ní. "Kí ló dé tó o dúró?"

"O ní kí n dúró."

"Mi ò sọ ìdí."

"Okùn kì í sọ ìdí." Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Nígbà tó yá, ọwọ́ mìíràn gbà á, ó ń fà á bí ẹni ń pọn omi ní kànga. Mo ní Fadékẹ́ ti fi okùn sílẹ̀. Ohun tó lè mú un fi í sílẹ̀, ewu ni. Mo bá tọ páìpù lọ sẹ́bàá ògiri."

Ìyókù okùn ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀, kò gùn ju apá kan lọ, ẹnu rẹ̀ ti ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi tí ọkọ̀ ti fà á já. Mo dì í mú. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo fa ìkẹrin.

"Tún un fà," ni Gbọ́ládé wí. "Omi ti dí mi létí."