Vukosava àti Gvozden Lórí Igi Ápù

Slavica àti àwọn ọmọ Vukosava yòókù ti kìlọ̀ títí ó fi sú wọn: màmá ò gbọdọ̀ gun igi mọ́. Ṣùgbọ́n igi ápù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti rí játijàti bí irun tí kò mọ òòyà, ìgbà òtútù tí igi ń sùn sì ni wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ́wọ́ lábúlé wọn ní Serbia. Bí ìrudi bá yọ, ó ti pẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ti yọ́ yìnyín orí ẹ̀ka tán, ó múra bí ológun. Ó wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ó dé akoto tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi ń gun alùpùpù, ó so okùn gígùn mọ́ ìbàdí. Ó wá pe Gvozden, aládùúgbò rẹ̀ tí ìyàwó òun náà ti kú, kó wá bá a di àkàbà mú.

Gvozden rí akoto, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Slavica, ṣé inú òṣùpá lò ń lọ ni?"

"Di àkàbà mú jàre, aláròyé!"

Ó gùn ún, ó so ara rẹ̀ mọ́ igi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gé àwọn ẹ̀ka tó ti kú, ó gé àwọn tó ń ha ara wọn. Èyí tó bá wúwo, á kọ́kọ́ fi ayùn gé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó má baà fa èèpo igi ya bó bá ń já bọ̀. Gvozden ò kúkú lè panu mọ́.

"Ìyẹn kọ́! Ti ọwọ́ ọ̀tún!"

"Ta ló ni igi?"

"Ti ọ̀tún ni mo ní!"

Kí ó tó yíjú padà, bàbá yìí ti gun àkàbà, ó ti fẹsẹ̀ há ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń nàka.

"Gvozden, ta ló wá di àkàbà mú?"

Wọ́n jọ wo ìsàlẹ̀. Ewúrẹ́ Gvozden ló ń fi ìdí họ ara lára àkàbà. Àkàbà mì, ó tún mì, ó ṣubú gbì sínú yìnyín.

Ni ẹ̀rín bá gbé Vukosava. Ó rín in títí akoto fi bò ó lójú. Ọpẹ́lọpẹ́ okùn, ì bá ti já bọ́. Gvozden rọ̀ mọ́ igi bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

"Má rẹ́rìn-ín mọ́, igi ń mì!"

Ìyẹn ló wá dá kún un. Nígbà tí wọ́n mí díẹ̀, Gvozden rọra ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí o ò ti ní rí ọ̀nà sá fún mi."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Pé ká jọ máa gbé."

Vukosava ti akoto kúrò lójú, ó wò ó bí ọmọge. "Ìwọ tí o ò lè di àkàbà mú, èmi lo wá fẹ́ dì mú?"

"Àkàbà ló ṣubú, ìwọ ò ṣubú ní tìẹ."

Ẹ̀rín tún sọ. Vukosava so ìdí okùn tó ṣẹ́ kù mọ́ ìbàdí Gvozden, ó gbé okùn náà kọ́ pàlàká igi, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ń ké, ó fìdí balẹ̀ sínú yìnyín pọ̀ọ́. Ó dìde, ó gbé àkàbà nàró, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gírígírí títí Vukosava fi sọ̀ kalẹ̀.

"Wá jẹun lọ́jọ́ Sunday," ni ìyá wí, ó ń tún akoto ṣe kí ojú rẹ̀ má baà tú àṣírí ọkàn rẹ̀. "Kí o sì fá irùngbọ̀n ẹ."

Ẹ̀ka méjì ṣì kù. Wọn ò gé wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọwọ́ wọn gba ayùn mọ́.