Àwo Kejì

“Ti ilẹ̀kùn yẹn ná,” ni aránṣọ wí fún àbúrò rẹ̀. Ó tú bọ́tìnnì búláòsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjú sí ògiri bí ẹni tí ojú ń tì.

Àbúrò rẹ̀ wo ọmú òsì. Kókó tí kò ju bọ́tìnnì lọ ní oṣù méje sẹ́yìn ti gba ẹ̀gbẹ́ ọmú náà kan. Awọ ibẹ̀ ti le, ó sì ń sun omi.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣebí dókítà dá ọjọ́ fún yín láti yọ ọ́? Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ara yín ti ń yá!”

“Mo ní ó ń yá. Mi ò sọ pé mo lọ.” Ó na ọwọ́ sábẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó fa ìgò kan jáde tí wọ́n ya ìbẹ́pẹ pípọ́n sí lára. “Nígbà tí oògùn tìẹ wà ńlẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ fi ọ̀bẹ dókítà ṣe?”

“Oògùn tèmi kẹ̀?”

“Ìtìjú ẹ ti pọ̀ jù. O ṣe ohun rere, o ò lè sọ fún ẹni tó tọ́ ẹ dàgbà.” Ó tú áńkáṣíìfù rẹ̀. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀, èyí tó fi sísọ́ọ̀sì gé jáde nínú ìwé tí wọ́n ń kó sínú páálí ìgò náà. Etí rẹ̀ gún régé. *Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò*, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, orúkọ àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Àbúrò náà jókòó sórí àkìsà aṣọ.

Ó mọ ìwé náà dunjú. Yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, kóòtù funfun tó sì ń wọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló rán an, bó ṣe jẹ́ pé ìránṣọ ló fi rán an níwèé lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sá èèpo àti hóró ìbẹ́pẹ, kó lọ̀ wọ́n, kó rẹ wọ́n sínú sípíríìtì, kó sẹ́ wọn, kó sì fi ẹ̀rọ gbẹ sípíríìtì náà dànù. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dára. Omi aláwọ̀ àlùkò tó kán an sí di yẹ́lò lójú ẹsẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìbẹ́pẹ ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ara tètè bàjẹ́, bí ọ̀pọ̀ èso ṣe ní in. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ti jẹjẹrẹ ni wàhálà. Àwo mẹ́ta ló fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sí. Ó da omi ìbẹ́pẹ sí ti àkọ́kọ́, ó da sípíríìtì nìkan sí ìkejì, kò da nǹkan kan sí ìkẹta. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ sípíríìtì ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí yàrá náà sì ní kó má dúró dè é, torí náà sípíríìtì ṣì wà nínú omi ìbẹ́pẹ náà. Nígbà tó ṣí wọn wò, gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú àwo àkọ́kọ́ ti kú. Ti inú àwo kejì náà kú pátápátá, ti ìkẹta nìkan ló yè. Ẹni tó dé yàrá àyẹ̀wò lánàá pàápàá yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: sípíríìtì ló pa wọ́n, kì í ṣe ìbẹ́pẹ.

“Sà, àwo kejì náà kú o.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbójú sókè. Ó ti bá àwọn tó fẹ́ rọ omi ìbẹ́pẹ náà sígò tà ṣàdéhùn. “Àwo kejì wo? Èmi ò rí ju méjì lọ, èyí tó ní ìbẹ́pẹ àtèyí tí ò ní.” Ó fọwọ́ lu lẹ́tà kan lórí tábìlì, lẹ́tà tí yóò sọ iṣẹ́ àbúrò náà di ti gbére. “Ìwọ ṣáà fọwọ́ sí tìẹ, kí n fọwọ́ sí tèmi.”

Àbúrò fọ àwo kejì, ó dà á dé, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ta ló fẹ́ ka ìwé yẹn, ìbẹ́pẹ ò sì kúkú pa ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ kejì tí aránṣọ fi ọmú hàn án, àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Dókítà gbé àwòrán àyà aránṣọ sójú fèrèsé. “Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, mà. Ká ní ẹ wá ní oṣù méje sẹ́yìn ni, à bá yọ ọ́, kó sì parí síbẹ̀. Ní báyìí, ìrora la lè bá yín dín kù.”

Aránṣọ mi orí. Nígbà tí wọ́n jáde sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìgúnpá gbún àbúrò rẹ̀. “Jẹ́ kó máa wí. Ṣé ó mọ̀wé jù ẹ́ lọ ni?” Ó yíjú sí ìyá àgbà kan tó jókòó tì wọ́n, tó we gèlè mọ́ orí tí irun ti re tán. “Ìyá, oògùn ìbẹ́pẹ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, àbúrò mi yìí ló ṣe é.”

Ìyá náà fẹ́ kúnlẹ̀. “Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ ò ní rọ o! Ṣíbí mẹ́ta ni mò ń mu. Abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ni mo wá gbà lónìí, ó ń gbò mí jù, mo ti fẹ́ máa lọ sílé. Tí mo bá sọ ọ́ di ṣíbí mẹ́rin, ṣé mo lè fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀?”

Àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fi í yangàn. Ì bá dákẹ́, kí ojú yẹn lè máa wò ó bẹ́ẹ̀ títí di òpin. Ó yíjú sí ìyá àgbà náà.

“Ẹ má mu ún mọ́, mà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yín. Kò wo jẹjẹrẹ. Èmi ni mo ṣàyẹ̀wò ẹ̀, mo mọ̀.”

Aránṣọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. “O mọ̀ látìgbà wo?”

“Kí n tó fọwọ́ sí i, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Aránṣọ kò pariwo. Ó tú áńkáṣíìfù rẹ̀, ó yọ bébà náà, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ nítan, ó sì fi ìka tẹ́ etí rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ́ aṣọ kó tó rán an. “Gbà. Orúkọ ẹ ni.”

Nọ́ọ̀sì pe ìyá àgbà náà. Àbúrò dìde láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aránṣọ ti di ìyá náà lápá mú.

“Ẹ jẹ́ ká lọ, mà. Tiyín ò tíì pẹ́ jù.”