Ẹ Má Wọ́ Ẹsẹ̀ Yẹn

Láti àárọ̀ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Collegno, lẹ́bàá Torino ní Ítálì. Kí n tó jáde nílé ni mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì Ùmmùkùlsùmù ìyàwó mi ti wú ju ọ̀tún lọ. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń ti Padova bọ̀, òun ò fẹ́ kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo fìbínú jáde.

Nígbà òtútù ni wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, ó sì ṣì ń gba oògùn rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún àwa méjèèjì pé àìsàn náà àti oògùn rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ó ní bí ẹsẹ̀ kan bá wú, ẹ má wọ́ ọ, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn lè já kúrò níbẹ̀, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Ùmù gbọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń darí rẹ̀. Fún àwọn oníbàárà tó ń bá dirun, ó ní ìju ni wọ́n yọ fún òun. Ohun kan náà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú àwọn èèyàn wa, ta ló ń dárúkọ jẹjẹrẹ? Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ, èmi náà sì búra bí òmùgọ̀.

Nígbà ìsinmi, mo tẹ̀ ẹ́ láago.

"Àǹtí ti dé," ó ní. "Wọ́n ń gbé omi kaná. Wọ́n fẹ́ fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ mi."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ìdúró ní negozio tí mo ti ń dirun ló fà á. Kí ni kí n sọ?"

Ó já fóònù mọ́ mi létí. Capo, ọ̀gá wa, ń pariwo orúkọ mi lẹ́yìn, mo ti sáré jáde. Ní ibùdókọ̀, mo ń lọ, mo ń bọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, gbogbo iná pupa ìlú yìí ló dá wa dúró. Mo ṣépè fún dẹ́rẹ́bà lábẹ́lẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni tí kò ṣẹ̀ mí.

Òórùn òrí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Àǹtí Mọ́nsúrátù ti ká apá aṣọ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ Ùmù lé itan.

"Àǹtí, ẹ má wọ́ ọ!"

"Ah-ah, Bàbá Aliyah! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Torino nìyẹn? Ọwọ́ yìí ni mo fi wọ́ ẹsẹ̀ màmá wa tó fi rìn."

Ó tún bu òrí. Ùmù wò mí, ó mi orí díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wí: ẹ má sọ.

"Jẹjẹrẹ ni!" mo pariwo. "Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ẹsẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wọ́ ọ, ó lè pa á!"

Àǹtí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí iná jó.

"Bàbá Aliyah," Ùmù wí, "ẹ ti tú mi síhòòhò."

Ní pronto soccorso, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ̀rọ fi ẹ̀jẹ̀ dídì náà hàn láti ẹ̀yìn orúnkún dé itan. Kò tíì já. Wọ́n fi omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lára, wọ́n ní kó má sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀. Ùmù kò wo ojú mi.

Àǹtí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó há ọwọ́ sí abíyá. Ó ń sunkún.

"Àbúrò mi, mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ kàn lára ẹ mọ́."

Ùmù fa ọwọ́ náà yọ, pẹ̀lú òrí tó ṣì wà lára rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ aṣọ, ó gbé e lé ibi tó tẹ́jú láyà rẹ̀. Èmi ọkọ rẹ̀, kò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibẹ̀ rí.

"Ibí nìyí, Àǹtí mi," ó wí.