Póòpù Tí Kò Sẹ́ni Tó Rántí Orúkọ Rẹ̀

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ti di ògiri nígbà tí Jẹ́rómù Àkànjí yíjú padà. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Jẹ́rómù ti ń kọ́ni ní katikísímù nínú ìjọ Àgùdà yìí, ilẹ̀kùn náà ò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ìwé katikísímù rẹ̀, tó jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn, há abíyá, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri wò.

Bàbá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó wọ aṣọ funfun, ojú rẹ̀ rí bí òkúta tí òjò ti pa fún ìgbà pípẹ́. Jẹ́rómù mọ̀ pé Póòpù ni, ó sì mọ̀ pé ó ti kú láti nǹkan bí irinwó ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí i.

“Dárúkọ mi,” ni Póòpù wí, “ilẹ̀kùn á ṣí.”

“Ẹ forí jì mí, Bàbá Mímọ́. N ò mọ̀ ọ́n.”

Póòpù ò bínú. Ó ní òun lòún gbógun ti àwọn tó yapa kúrò nínú ìjọ, òun lòún ní kí wọ́n dáná sun ìwé wọn, òun náà lòún pàṣẹ pé fadá kankan ò gbọdọ̀ dé ìdí pẹpẹ láìlọ sílé ẹ̀kọ́. “Bí mo bá ń kọjá nígbà náà, ìlú a máa gbọ̀n. Ní báyìí, àwọn tó ń nu eruku ojú sàréè mi ń pè mí ní ‘èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.’”

Jẹ́rómù ṣí ìwé rẹ̀. Ìbéèrè nìkan ló kù níbẹ̀; àwọn ìdáhùn ti lọ. Ó lọ béèrè orúkọ náà lọ́wọ́ àpótí tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fadá. Àpótí náà wúkọ́.

“Mo mọ orúkọ ọ̀hún dáadáa,” ó ní, “ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún mi, n kì í tún un sọ.”

Rùfínà, ìyàwó Jẹ́rómù tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ń gbálẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ. Kò gbójú sókè. “Bàbá Rẹ̀mí, ẹ ṣáà máa pe èyí tó bá wá sí yín lẹ́nu.”

“Gírígórì! Kílẹ́mẹ́ǹtì! Bẹ́nẹ́díìtì!” Jẹ́rómù ń dárúkọ àwọn póòpù tó mọ̀.

Bí Póòpù bá ti mirí, ògiri á sún mọ́ wọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Nígbà tó yá, orúnkún Jẹ́rómù ti ń kan orúnkún bàbá náà.

Ló bá gbọ́ ohùn àwọn èèyàn níta. Gbogbo àwọn tó ti kọ́ ni, wọ́n ń ka ohun tó kọ́ wọn lákàsórí, ọ̀rọ̀ kan ò yingin.

“Èmi ni o! Tíṣà yín ni! Ẹ ṣílẹ̀kùn!”

Kíkà náà dá. “Tíṣà wo?” ni obìnrin kan bi àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ Jẹ́rómù nínú wọn.

Jẹ́rómù fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri.

“Àmín,” ni gbogbo wọn wí, bíi pé àdúrà ni wọ́n gbọ́.

Ó tún lù ú.

“Àmín.”