Níbi Tí Àwọn Èrò Yóò Sùn

Ìyá Elérò fi ọwọ́ méjèèjì gbá tìmùtìmù náà, gbì! Ó dúró, ó ń wo ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, bóyá eruku máa gbéra. Eruku kò gbéra. Ó tún gbá a, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Màmá, ẹ rọra," ni baba tó ń tọ́jú ilé èrò náà wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni bẹ́ẹ̀dì mi ṣẹ̀ yín?"

"Ìdun ni mò ń wá."

"Ìdun ti kó lọ. Wọ́n ní omi ti sún mọ́ àwọn jù, àwọn ò mọ̀wẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ló bá wá. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka nu ojú fèrèsé, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó fetí sí bí omi náà ti ń dún. Àbùkù kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tó tóbi tó láti fi pa ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tì.

Níta, ọmọ rẹ̀ dúró létí omi. Àbíkẹ́yìn ni, nọ́ọ̀sì ni, ó ti ibi iṣẹ́ wá láì tíì fojú kan oorun. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú un dání. Ibẹ̀ ló fẹ́ ti ṣègbéyàwó: ilé pákó mélòó kan lábẹ́ igi, pákó tí a kò kùn, òrùlé páànù tó ti pọ́n, pápá kékeré kan tí koríko rẹ̀ lọ dé etí adágún omi, àti afárá pákó kan tó nà wọ inú omi náà. Àwọn apẹja ló kọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí ẹja wọ́n, àwọn ọmọ wọn sọ ọ́ di ibùsùn fún àwọn arìnrìn-àjò.

Inú ọkọ̀ láàárọ̀ ni ọmọ náà ti sọ ọ́. "Tí ẹ bá ní rárá, Màmá, ilé yín la máa ṣe é. Mi ò ní í bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún ń wá ọjọ́ kan náà, baba yẹn gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì ká tó kúrò níbẹ̀." Ohùn tó fi sọ ọ́ kò tẹ́ ìyá lọ́rùn. Ìyá ti di àmùrè ìjà, kò wá rí ẹni bá a jà.

Ìyá Elérò kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́ o. Ilé rẹ̀ ló fún un. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tó gba àdúgbò yẹn kọjá tí kò sùn níbẹ̀: ìyekan ọkọ, ọ̀rẹ́ ìyekan, awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, aboyún kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá títí tó fi bímọ tó sì lọ. Ìgbàkigbà tí èèyàn bá dé, á bá iná, á bá omi gbígbóná, á bá ibùsùn tí ara ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀: "Bí mo bá pẹ́ níta, mo gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn kí n béèrè bóyá àyè ṣì kù."

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹni tó sùn síbẹ̀ kẹ́yìn kò tilẹ̀ mu tíì rẹ̀ tán tó fi gbé àpò.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ yìí ní òun ń lọ sílé ọkọ, tí àwọn àna sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ọmọ àti àgbà wọn, ìyá ti fọ gbogbo aṣọ ibùsùn kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ó ti sá wọn, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ti tò wọ́n jọ gegere. Ìgbà náà lọmọ wá sọ fún un pé àwọn ti rí ibì kan létí omi, ibi tó ní yàrá fún àwọn èrò. Yàrá! Ilé tí wọ́n ń sanwó sùn! Bí ẹni pé aláìnílé ló bí i.

Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò.

"Àtẹ̀gùn yìí ń yọ̀."

"Òjò ni, Màmá. A máa da yanrìn sí i."

"Ẹ̀fọn ńkọ́?"

"Àwọ̀n wà."

"Tí iná bá lọ?"

"Fìtílà wà. Ẹ ò kúkú bi mí bóyá èmi náà máa ń hanrun."

"Ṣé ẹ máa ń hanrun?"

"Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ tèmi."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ, ó gbé e mì. "Ilé ìdáná dà?"

Ẹ̀yìn ló wà, ó tóbi, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì. Ó yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ìkòkò ńláńlá tò lórí pẹpẹ, wọ́n ń dán. Ó di ìlẹ̀kùn náà mú, ó mì í.

"Ẹ ṣí i fún mi."

"Àwọn alásè wa nìkan ló ń wọ ibẹ̀, Màmá. Àlejò kì í wọ̀ ọ́."

"Èmi kì í ṣe àlejò. Èmi ni ìyá ìyàwó."

"Ìyá ìyàwó gan-an la kì í jẹ́ kó wọ̀ ọ́! Èyí tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn ní òun kàn fẹ́ tọ́ iyọ̀ wò ni. Ọwọ́ la fi fà á jáde."

"Ta ló máa gbé omi gbígbóná fún wọn láàárọ̀?"

"Ẹ̀rọ ni, ara ògiri ló wà."

"Ẹni tó bá pẹ́ dé ńkọ́?"

"Èmi máa wà lójúfò."

"Ẹni tára rẹ̀ ò bá yá?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí nọ́ọ̀sì! Àbí òun ò ní í wá síbi ìgbéyàwó ara rẹ̀ ni?"

Baba náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ọwọ́ ìyá ṣì wà lára ìlẹ̀kùn tó wà ní títì. Ó ti rí àbùkù tó ń wá. Kò kàn mọ bí òun ṣe máa pè é ni.

Ó rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ létí omi.

"Ibí yìí dáa," ló wí. "Mi ò ní í purọ́. Ó mọ́. Ṣùgbọ́n èmi dà níbẹ̀? Wọ́n á sùn, èmi kọ́ ni mo tẹ́ ibùsùn. Wọ́n á wẹ̀, èmi kọ́ ni mo gbé omi. Wọ́n á jẹun, mi ò ní í mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Níbo lo fẹ́ kí n wà?"

Ọmọ náà na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì kan níwájú pápá, èyí tó sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

"Ibẹ̀."

"Kí n máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ jókòó."

Ìyá pòṣé. "Mo ti gbọ́. Mo ti dàgbà, ẹ gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Màmá." Ọmọ náà gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko. "Ìgbéyàwó bọ̀dá mi. Kí lẹ rántí níbẹ̀?"

Ta ni kò mọ ìtàn yẹn? Ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò. Àwọn àna kún ilé fọ́fọ́, wọ́n ń tò dúró de omi ìwẹ̀; igi tutù, iná kọ̀, kò ràn. Ó ní kí gbogbo ayé máa lọ síbi ìgbéyàwó náà, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó máa fi dé, eérú ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti ń ká àga," ló wí, ó sì ń múra ẹ̀rín, nítorí ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń gbé rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀kan wà tí mi ò jẹ́ kí wọ́n ká," ni ọmọ náà wí. "Mo gbé báàgì mi lé e láti àárọ̀. Bàbá kan fẹ́ jókòó, mo ní ẹnì kan ń bọ̀. Ìyá kan dé, mo ní ẹnì kan ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyá ọkọ dìde kí gbogbo èèyàn rí i, ẹ ò sí níbẹ̀. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo dìde, Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lórí omi náà, omi rọra ká bí aṣọ. Ìyá kò mọ apá ìtàn yìí. Àìmọye ìgbà ló ti sọ ọ́ lójú ọmọ yìí, tí ọmọ ń gbé àwo fún àwọn tó ń gbọ́ ọ, ọmọ náà kò sì lanu sọ apá yìí rí. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ó mọ òwe náà, ó máa ń pa á fún ọkọ rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ rí pé ta ló ń san án. Ọmọ tí òun máa ń fọwọ́ kàn ní èjìká lóru pé dìde, àwọn èrò ti dé ni. Ọmọ náà á gbé ìrọ̀rí rẹ̀, á lọ sùn nílé ìdáná.

"Mi ò bínú o," ni ọmọ náà wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ilé la ti ṣe é, mo mọ ibi tí ẹ máa wà."

Baba náà ń bọ̀ lókè pápá, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń dún.

"Ẹ má bínú, àwọn tó tún ń wá ọjọ́ yẹn ló ń pè. Kí ni kí n wí fún wọn?"

Ìyá Elérò rìn lọ síbi bẹ́ǹṣì náà. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sí, bí ẹni tí wọ́n máa tó pè. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ó sún, ó sún, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan pákó.

"Ṣé orí afárá yẹn lẹ máa dúró sí?"

"Orí ẹ̀ ni, Màmá."

"Tí oòrùn ò bá kọjú sí mi, mo máa rí ọ dáadáa." Ó yíjú sí baba náà. "Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ yẹn ti lẹ́ni."

Baba náà sọ ọ́ sínú fóònù. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí yẹ ká mu tíì lé e, ó sì yára gòkè lọ. Ẹsẹ̀ ìyá fẹ́ gbé e tẹ̀ lé baba náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró tán kó tó rí i pé ọmọ òun ń wo òun. Ọmọ náà kò fọwọ́ kàn án. Ìyá tún jókòó.

Nígbà tí baba náà dé, ìyá ló kọ́kọ́ gbé ife fún. Ó gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti gbé e fún un. Ọmọ náà ká ọwọ́ sí itan. Ife náà dúró láàárín wọn, ó ń rú èéfín, ó ń jó ìyá níka. Nígbà tó pẹ́, ó fà á padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

Ó gbóná jù láti mu. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń gbé ife gbígbóná fún èèyàn, kò mọ̀ pé ẹni tí a gbé e fún ní láti dúró jẹ́ẹ́ kó tó tutù. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń wo omi.