Ẹni Tó Fẹ́ Ra Tábìlì

Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ síta: àwọn tó dá ọjà inú fóònù yìí sílẹ̀ kò mọ ọjà. Kí èèyàn gbé nǹkan kalẹ̀, kó dá iye lé e, kí ẹlòmíì kàn wò ó bí ẹni ń wo àwòrán ara ògiri, kó sì kọjá lọ láìsọ̀rọ̀! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Aránṣọ ni mí, ojoojúmọ́ ayé mi ni mò ń bá èèyàn dúnàádúrà. Ẹni tí kò bá ná ọjà mi, mo máa ń rò pé ó ń bá mi ṣọ̀tá ni.

Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ rèé. Màámi ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì kán. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù, àbúrò mi ọkùnrin gbé wọn lọ sílé tirẹ̀, torí pé kò sí àyè lọ́dọ̀ mi. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú wọn dáadáa, mi ò níí parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkè kẹrin ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn nìkan ló sì débẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Màámi gòkè, ẹsẹ̀ wọn ò tíì tẹ ilẹ̀ ìta. Wọ́n á pè mí láàárọ̀, wọ́n á ní, "Mò ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kí ara wọn nísàlẹ̀. Ẹnu ń yún mi láti dá wọn lóhùn, àmọ́ ohùn mi ò lè dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún mi lọ́kàn.

Ilé tèmi kò ní àtẹ̀gùn rárá. Yàrá iwájú wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ṣùgbọ́n tábìlì ìgéṣọ mi ló gba gbogbo yàrá náà. Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló kàn án fún mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, inú yàrá yẹn gan-an ló sì ti kàn án, láìwọn ẹnu ọ̀nà. Èèyàn mẹ́ta lè dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ kí wọ́n má fara kanra. Iṣẹ́ tí mò ń gbà báyìí ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, tábìlì kékeré inú ìyẹ̀wù ti tó mi. Tábìlì ńlá ní láti lọ kí Màámi tó lè dé, owó rẹ̀ la sì fẹ́ fi ra bẹ́ẹ̀dì gíga tí dókítà ní ká wá fún wọn, èyí tí wọ́n lè dìde lórí rẹ̀ láìjẹ̀rora. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì ojú, ti rí irú bẹ́ẹ̀dì náà nínú ọjà fóònù kan náà. Àlòkù ni, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n pè é.

"Mọ́mì, èló ni ká wá pe tábìlì?"

"Ìwọ rò pé ó tó èló?"

"Ọgọ́fà."

"Ọgọ́fà ni mo fẹ́ gbà. Pè é ní igba."

Ọmọ náà yanu. "Mọ́mì, àwọn tó wà níbí kì í ná ọjà. Tí wọ́n bá ti rí igba, wọ́n á kọjá ni."

"Kí ló máa dí wọn lọ́wọ́? Bí mo bá pe ọgọ́fà, ọgọ́ta ni wọ́n máa sọ. Gbọ́ mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà la sì ń sọ yìí. Tẹ igba!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ya fọ́tò tábìlì náà pẹ̀lú, ọkọ mi sì lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti òòlù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kìíní wọlé: "Ṣé ó ṣì wà?" Inú mi dùn, mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Mo kọ ọ́ pé, "Ó wà o. Ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ó yá, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ san." Kẹ́kẹ́ pa. N ò gbúròó onítọ̀hún mọ́ títí dòní. Ẹnì kejì bi mí bóyá mo lè gé e sí méjì kí n ta ìlàjì fún òun. Ẹnì kẹta ní òun ò nílò tábìlì, àmọ́ èló ni bàbá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀? Ọkọ mi ka èyí lákàtúnkà.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Ọjà tèmi ń tà."

"Ẹ bi í bóyá òní ló máa wá gbé yín," ni mo dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan mọ́. Àbíkẹ́yìn ní ká sọ ọ́ di ọgọ́fà, mo fárígá. Àfi ọjọ́ tí ọkùnrin kan tó ń rán kọ́tìnì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Igba? Ẹ̀yin náà ẹ ṣàánú wa. Mò ń bọ̀ lọ́la wá wò ó." Ha! Mo fò sókè. Èèyàn mi nìyí! Ẹni tí ìyá bí, tí wọ́n kọ́ lọ́jà!

Nígbà tó dé, ó rọra yí tábìlì po, ó fi ọwọ́ kàn án kó-kó-kó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ti gbé àga wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù.

"Igi yìí ti gbó o," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé, ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọgọ́ta."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin lẹ fẹ́ rà ni?"

"Ó dáa, ọgọ́rin."

"Kò gbà. Ẹ mú ọgọ́sàn-án wá."

"Ọgọ́rùn-ún, nítorí ojú yín."

"Ojú mi kọ́ ni mò ń tà. Àádọ́jọ."

Ẹ ò mọ bí ara mi ṣe yá tó! Ó bú tábìlì, mo yìn ín. Mo ní igi gidi ni, ó ní igi gidi kì í dún báyẹn. Ọkọ mi fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo fojú sọ fún un pé kó jókòó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀ títí òun fi dé àádọ́fà, tí èmi náà dé ọgọ́fà. Ibẹ̀ la há sí.

"Èló ni jálẹ̀?" ó bi mí.

"Ọgọ́fà jálẹ̀."

"Àádọ́fà ni gbogbo agbára mi."

"Ẹ ò tíì rà á nìyẹn."

"Ó dàbọ̀ o, màdáámù," ó wí, ó sì jáde.

Ẹni tó bá mọ ọjà mọ ohun tó kàn. Oníbàárà á máa lọ, olójà á jẹ́ kó rìn díẹ̀, á wá ké sí i pé, "Ẹ máa bọ̀, ẹ mú owó wá!" Ṣùgbọ́n olójà tó bá tètè pè ti fi hàn pé ọjà ń yọ òun lẹ́nu. Oníbàárà tó bá bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó pè é náà ti tú ara rẹ̀ fó. Mo ká apá mọ́ àyà, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí géètì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì pa á dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe ṣí i lọ.

"Pè é," ni ọkọ mi wí.

"Yóò padà."

"Pè é, jọ̀ọ́."

"Mo ní yóò padà!"

A gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kù, a gbọ́ tó ṣí, a ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ mi wálẹ̀ láti àyà fúnra rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n," ni ọkọ mi sọ sínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ fi ẹ̀pọ̀n sílẹ̀ níbẹ̀!" mo jágbe mọ́ ọn.

Ibi tí mo ti ń bínú ni fóònù ti dún. Màámi ni.

"Àbíkẹ́yìn ní ẹni tó fẹ́ ra tábìlì ń bọ̀ lónìí. Ṣé ó ti gbé e?"

"Ó wá, Màámi. Ó... ó jáde lọ ná."

Àwọn ló kọ́ mi ní ọjà, kò sí ibi tí mo lè sá gbà. "Èló ló kù láàárín yín?"

"Mẹ́wàá."

Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Kò burú. Mo ti di ẹrù mi tẹ́lẹ̀ ni. Àpò náà wà lẹ́nu ọ̀nà níbí, ìyàwó àbúrò rẹ kàn ń gbálẹ̀ yí i ká."

Omi lé sí mi lójú. Àádọ́fà tó ra bẹ́ẹ̀dì, ó tún ṣẹ́ kù. Kí wá ni mo fi mẹ́wàá tó kù fẹ́ ṣe? Mo ju fóònù sílẹ̀, mo sáré jáde. Bàtà tí mo wọ̀, ọ̀kan jẹ́ tèmi, èkejì jẹ́ ti ọkọ mi. Téèpù ìwọnṣọ ń fì lọ́rùn mi.

"Ìyá aránṣọ, kí ló ń lé yín?" ni onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì kígbe.

"Kò sóhun tó ń lé mi, èmi ni mò ń lé nǹkan!"

Mo ya kọ́nà níbi ilé ìtajà oògùn. Ọkọ̀ ọkùnrin náà rèé níwájú ilé ìtajà náà. Òun fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó fi àkísà ń nu gíláàsì iwájú. Gíláàsì tó mọ́ kedere! Nígbà tó rí mi, ó mí kanlẹ̀.

"Màdáámù, ẹ mà pẹ́ o! Mo ti nu gíláàsì yìí títí, díẹ̀ ló kù kó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò padà wá?"

"Kí n padà láìpè mí? Kí ẹ lè sọ pé igba ni? Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò pè mí?"

A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà wá tẹ̀ lé e, títí mo fi gbá ọkọ̀ rẹ̀ mú kí n má baà ṣubú.

"Ẹ máa bọ̀," mo ní, "ẹ mú àádọ́fà yín wá."

Ọkọ mi tú tábìlì náà palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ́ ọkùnrin náà bí yóò ṣe tò ó. Ó tún gbé pákó kan fún un kó fi ṣe ènì, èyí tí mi ò fọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, yàrá fẹ̀ bí pápá.

Kíákíá la lọ wo bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Ó ní, "Ọgọ́rùn-ún ni mo kọ síbẹ̀, àmọ́ ẹ sọ tiyín, a ó jọ sọ ọ́." Ọkọ mi ti ń wá àga tí yóò jókòó lé. Mo rí i pé ara igi rẹ̀ ti ha. Mo rí i pé ẹsẹ̀ kan ń mì. Mo mú ọgọ́rùn-ún, mo kà á sí tíṣà lọ́wọ́. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ara mi gbóná.

Ọjọ́ náà gan-an ni òun àti àbúrò mi fi àga gbé Màámi sọ̀ kalẹ̀. Màámi wọ yàrá iwájú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.

"Èló lẹ rà á?"

"Ọgọ́rùn-ún."

"Èló ni wọ́n pè é?"

"Ọgọ́rùn-ún, Màámi."

Wọ́n yí ọrùn sí mi díẹ̀díẹ̀. "O ò ná an?"

"Mi ò ná an."

"Ìwọ?"

"Èmi."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì!"

"Mo rí i. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ni, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ sun òkè yẹn mọ́. Àárò yín ti ń sọ mí jù, Màámi."

Wọ́n wá pòṣé.

"Ọgọ́rin ni ì bá gbà," wọ́n ní. "Má tún ṣe irú ẹ̀ mọ́." Àmọ́ ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.