Ìwé Kan Dín Nínú Fáìlì Adájọ́

"Ìkejìlá dà?"

Alága ìgbìmọ̀ ló béèrè. Àwọn aṣòfin mẹ́jọ yòókù ṣí fáìlì wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pa á dé. Adájọ́ obìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ di adájọ́ àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Òfin ìgbìmọ̀ wa le. Adájọ́ tó bá ń lọ sókè gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kó gbogbo ìdájọ́ rẹ̀ tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti wọ́gi lé wá, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Màmá kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé méjìlá ni. Mọ́kànlá ló wà nínú fáìlì. Ẹni tó bá sì fi ẹyọ kan pamọ́, orúkọ rẹ̀ á padà síbi tó ti wá.

"Méjìlá ni mo kó wá, alága," màmá dáhùn.

"Bóyá ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde," ni aṣòfin kan tí a ń pè ní Ẹlẹ́nu Abẹ wí. "Ẹ ò lè ka ẹjọ́ tiyín pé, ẹ fẹ́ wá máa dá tiwa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága kọjú sí mi, nítorí èmi ni akọ̀wé tó ń di fáìlì.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, mélòó lo bá níbẹ̀?"

Ǹ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo fi ń yangàn. Bí nǹkan bá sọnù ní ọ́fíìsì, èmi ni wọ́n ń pè.

"Mọ́kànlá ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

Màmá wò mí. Kò pè mí ní òpùrọ́.

"Ó lè jẹ́ èmi ni mo gbàgbé, ọmọ mi," ó ní.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti lò lórí àga ìdájọ́. Níjọ́ náà, ó rí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Alága ní kí orúkọ rẹ̀ padà. Màmá ń ki awò ojú rẹ̀ bọ báàgì nígbà tí ọ̀gá mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n lọ mú ìwé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí kúrò lórí tábìlì, àlejò mìíràn ń bọ̀.

Ní ọ́fíìsì wa, a kì í fi ìwé tuntun kọ orúkọ àlejò. Ẹ̀yìn ìwé àlòkù la máa ń kọ ọ́ sí, a á ṣẹ́ ẹ po, a á gbé e síwájú ẹni náà. Èyí tó wà lókè pátápátá lórí tábìlì mi ni mo fà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó jókòó ka àwọn ìwé tí màmá kó wá.

Mo gbé e. Ó ṣí lọ́wọ́ mi.

"Dúró ná," Ẹlẹ́nu Abẹ ní. "Kí ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ọwọ́ ẹ yẹn?"

Mo wò ó. Màmá ti dìde, ṣùgbọ́n kò tíì lọ.

"Kà á sókè," alága ní.

"Ìdájọ́ kejìlá," ni mo kà.